Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Amọ̀ Mọ Ọwọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Onírísí Ẹ̀dá Òkun Tí Kò Ní Yọ Síni Lọ́wọ́

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí pé, “Báwo lẹ ṣe ń jẹ́ kí sikúrù dúró nínú amọ̀?” Ẹnì kan á ní òun ti ki nọ́ọ̀tì bọ inú amọ̀ tútù, òun sun ún, gbogbo rẹ̀ sì là. Ẹlòmíràn á ní tòun dúró dáadáa fún oṣù kan, àfi ọjọ́ tí ọmọ òun fa dúrọ́ọ̀, tí ẹja amọ̀ bá ọmọ lọ, tí dúrọ́ọ̀ dúró síbi tó wà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí pípo amọ̀ títí dé orí dídè é mọ́ pákó.

Ìdáhùn kúkúrú rèé fún ẹni tó ń kánjú: irin kì í bá amọ̀ wọ iná. Ihò la máa ń dá sára amọ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Ìgbà tí iná bá parí iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá la tó ń ri nọ́ọ̀tì sínú ihò náà.

Àwọn kan á tún ní kí ló pa ará Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹja òkun, nígbà tí a kò sí létí òkun. Ẹni tó bá mọ Igbó Olókun, igbó tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà òkun, nílùú yìí kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀

- Amọ̀ kílò kan. Ó tó ọwọ́ kékeré bíi 15. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìpetumodù ni mo ti ń ra tèmi, nítorí wọ́n ti ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀.
- Àfọ́kù ìkòkò tí ẹ gún, tí ẹ sì kù bí ẹni ń ku èlùbọ́.
- Igi róbótó kan tó nípọn tó mílímítà 10. Ọwọ́ síbí onígi àtijọ́ lè ṣe é.
- Ọ̀bẹ kékeré, ìṣó, ìyàrun tó ti ká léyín, kànìnkànìn.
- Rúlà tó ní mílímítà. Kì í ṣe tépù télọ̀.
- Bóòtù mílímítà 4 (M4) tó gùn ní mílímítà 25, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wáṣà rẹ̀.
- Epoxy oníméjì (gọ́ọ̀mù tí a ń po méjì pọ̀ kó lè le), ìyẹn èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ mínìtì, tàbí èyí tó ń pẹ́ kó tó le. Èyí tó ń pẹ́ ló dára jù.
- Àbẹ́là kan, fasilíìnì díẹ̀, ìbòmú.

Ẹ̀dá wo ló yẹ ọwọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí àwòrán ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò ní tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ mẹ́ta á fi ti ṣẹ́, èyí tó kù á sì máa fa aṣọ ya. Ohun tí a ń dì mú lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ni ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìka ló kọ́kọ́ ni ín, ojú ló tẹ̀ lé e.

Àwọn tó dára:

- Ìkarahun oníhà (èyí tó là bí abẹ̀bẹ̀). Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe, òun ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ihà rẹ̀ ń jẹ́ kí ìka di í mú, àwọ̀ sì máa ń kó jọ sáàárín ihà náà lọ́nà tó wuni.
- Owó ẹyọ. Ó rọrùn láti mọ, ó sì kún ọwọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn lékuléja lẹ ti máa rí ojúlówó rẹ̀ rà láti fi ṣe àwòkọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹ tó ṣe é, ṣá o. Màmá kan ní Iléṣà ní kí n má fi owó ẹyọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná òun, pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá kí òun kò ní jẹ́ kí òun gbádùn. A yí i sí ìkarahun.
- Ẹja. Kí ó sanra, kí ìrù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ lọ wo ṣawá níwájú ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, ẹ fara balẹ̀ wo bí ìpẹ́ rẹ̀ ṣe tò. Ó sàn ju fọ́tò lọ.
- Ìràwọ̀ òkun. Ó ṣeé ṣe, bí àwọn apá rẹ̀ bá kúrú tí wọ́n sì yí róbótó lẹ́nu.

Akàn, edé àti ẹṣin òkun, ẹ fi wọ́n fín sára ọwọ́ róbótó bí àwòrán. Ẹ má mọ wọ́n yọ síta.

Ìdánwò mi rèé: ẹ mọ ọ̀kan, ẹ di ojú, ẹ fi ìka mẹ́ta tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ fà á. Tó bá yọ̀ bọ́ tàbí tó gún yín, ẹ tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí amọ̀ yín ṣe ń súnkì

Amọ̀ máa ń súnkì lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó bá ń gbẹ àti nígbà tó bá wọ iná. Ẹni tí kò bá mọ iye tí tirẹ̀ fi ń súnkì, àfọwọ́fà ló ń ṣe.

1. Ẹ tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tó gùn ní mílímítà 100 gẹ́lẹ́ sára rẹ̀.
2. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ bá a wọ iná tí ẹ máa lò gan-an. Bí ẹ bá máa lo gíléèsì (ohun tí a ń kùn sára amọ̀, tí iná ń sọ di dídán bí díńgí), ó gbọ́dọ̀ wọ iná kejì náà.
3. Ẹ tún ìlà náà wọ̀n. Tó bá ku 88, a jẹ́ pé ìdá 12 nínú 100 ló súnkì.
4. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ ní ìkẹyìn, ẹ fi 0.88 pín in. Ìyẹn ni ẹ ó mọ ní tútù.

Àpẹẹrẹ: mo fẹ́ kí ojú ìkarahun fẹ̀ ní 35, mo mọ ọ́n ní 40. Mo fẹ́ kí ihò fẹ̀ ní 9, nítorí nọ́ọ̀tì M4 fẹ̀ ní 7 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó sì fẹ̀ tó bíi 8 láti igun dé igun. Nítorí náà mo dá ihò náà ní 10 ó lé díẹ̀. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ 12, mo dá a ní 14. Mílímítà ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá yí amọ̀ padà, ẹ tún ìdánwò yìí ṣe. Àní bó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá kan náà lẹ ti rà á, kòtò tí wọ́n ti wà á lè yàtọ̀.

Mímọ ọ́n

1. Ẹ po àfọ́kù gígún mọ́ amọ̀ náà, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kì í jẹ́ kó là, ó sì ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì títí afẹ́fẹ́ fi jáde. Ẹ fi okùn ọ̀rá gé e sí méjì, ẹ wo inú. Bí ihò kéékèèké bá ṣì wà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.
3. Ẹ wọn amọ̀ sí òṣùwọ̀n, gíráàmù 60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà yàtọ̀ síra. Ẹ yí i róbótó.
4. Ẹ fa ọrùn rẹ̀ jáde lẹ́yìn, kó nípọn tó mílímítà 22 ní tútù. Ẹ má jẹ́ kó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ihò ń bọ̀ láàárín rẹ̀, ògiri tó yí ihò náà ká sì gbọ́dọ̀ ní ipá.
5. Ẹ wá sọ iwájú rẹ̀ di ìkarahun tàbí ẹja. Eyín ìyàrun ni mo fi ń fa ihà ìkarahun, ìdérí bírò ni mo sì fi ń tẹ ìpẹ́ ẹja, láti ìrù lọ sí orí, kí ọ̀kan máa gun orí èkejì.
6. Ohun tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ìṣó ha ojú méjèèjì, ẹ fi amọ̀ ṣíṣàn kùn ún, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi lásán kò lè mú un.
7. Ẹ fi kànìnkànìn tútù nu gbogbo etí tó mú.

Kí ọrùn náà gùn tó kí ìka lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀: láti pákó dé iwájú pátápátá, mílímítà 25 sí 30 lẹ́yìn iná.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe púpọ̀ tó jọra, ẹ má jókòó fín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ìkarahun gidi mọ́ amọ̀, ẹ sun amọ̀ náà, ó ti di òǹtẹ̀ nìyẹn. Ìkarahun tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú kò yẹ fún èyí, torí kò ní jáde láìya amọ̀.

Ihò: ibi tí gbogbo ìbéèrè yín wà

Ẹ dúró kí amọ̀ le díẹ̀, kó rí bí ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bó bá ṣì rọ̀ jù, ihò á wó. Bó bá ti funfun, ó ti pẹ́ jù, ó máa là.

1. Ẹ fi rúlà wá àárín ọrùn náà gan-an. Ẹ fi ìṣó sàmì sí i.
2. Ẹ fi fasilíìnì pa igi mílímítà 10 náà. Ẹ fi bírò sàmì sí i ní ibi mílímítà 14, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti dúró.
3. Ẹ máa yí i wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa nu amọ̀ tó bá jáde. Ẹ má tì í gbàgà, iwájú ẹja yín á wú.
4. Ẹ fà á jáde, ẹ fi ìṣó ha inú ihò náà yíká. Ara tí ẹ ha yẹn ni epoxy máa dì mú. Ihò tó dán bí inú ife ló ń jẹ́ kí ohun gbogbo yọ bọ́.
5. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọrùn lé díńgí tàbí táìlì, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá tẹ́, yóò máa mì lára ilẹ̀kùn.

Nítorí kí ni irin kò ṣe gbọdọ̀ wọ iná? Amọ̀ ń súnkì, irin kì í súnkì. Amọ̀ á fún irin títí á fi là. Lẹ́yìn náà, irin lásán á jóná di ìpẹtà nínú ooru tó tó 1000°C, okùn inú nọ́ọ̀tì kò ní gba bóòtù mọ́. Èmi náà ti fi ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù 24 kọ́ ọgbọ́n yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìléru, kò sí èyí tí kò là nínú wọn.

Ọwọ́ gígùn oníhò méjì ńkọ́, èyí tó rí bí ẹja tó nà gbalaja? Bí ẹ bá fẹ́ kí àárín ihò méjèèjì jẹ́ mílímítà 96, ìwọ̀n 109 ni ẹ ó dá a ní tútù. Àmọ́ ó lè tẹ̀ díẹ̀ nínú iná. Nítorí náà, ẹ kìlọ̀ fún káfíńtà pé kó má lu pákó kankan títí ẹ ó fi gbé ọwọ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lu tirẹ̀ fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lu ihò yóò ra ilẹ̀kùn tuntun.

Gbígbẹ

Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ tò ó sórí ìwé ìròyìn nínú ilé, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù náà pẹ́ lórí rẹ̀ di ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọyẹ́ máa ń yára gbẹ ìrù ẹja tín-ín-rín nígbà tí ikùn ṣì tutù, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń là. Nígbà òjò, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá ṣì tutù lára yín, kò tíì gbẹ.

Iná àkọ́kọ́

Kì í ṣe ọ̀ranyàn kí ẹ ní ìléru. Ilé-Ifẹ̀ kò ṣàìní àwọn tó kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní ẹ̀ka Fine and Applied Arts ní OAU. Ẹ wádìí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ẹlòmíràn sínú ìléru rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ẹ sọ fún un irú amọ̀ tí ẹ lò àti ooru tí ẹ fẹ́, kí tiyín má baà yọ́ sórí tirẹ̀.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń sun ún:

1. Ẹ jẹ́ kí ooru gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 120°C, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ mú díńgí kékeré sẹ́nu ihò ìléru: bó bá ń ṣú, omi ṣì ń jáde, ẹ má tíì ti ìléru pa.
2. Láti ibẹ̀ dé 600°C, kó má ju 100°C lọ ní wákàtí kan. Ní nǹkan bíi 573°C, yanrìn inú amọ̀ máa ń wú lójijì. Ẹni tó bá sáré kọjá ibẹ̀ á gbọ́ ìró tí kò fẹ́ gbọ́.
3. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè yára díẹ̀ títí dé 950 tàbí 1000°C.
4. Ẹ pa á. Ẹ má ṣí i títí ooru fi wálẹ̀ kọjá 100°C. Mo mọ̀ pé ara yín á máa yá gágá. Ẹ lọ sùn.

Ìléru oníná mànàmáná ń fẹ́ iná ọba tí kò ní ṣẹ́jú fún odidi ọjọ́ kan, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ọba ṣe rí. Onígáàsì ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù.

Gíléèsì

Ẹ ra èyí tí ooru rẹ̀ bá ti amọ̀ yín mu, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àfọ́kù. Kobalt ń fún wa ní búlúù, kọ́pà ń fúnni ní àwọ̀ ewé, irin ń fúnni ní àwọ̀ ilẹ̀. Fún ohun òkun, mo máa ń kun ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, kí n nu ún kúrò lórí ihà, kó ku sínú kòtò nìkan, kí n tó fi èyí tó mọ́ gaara bò ó, kí n sì dá a padà sínú iná lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tó kùn ún, ẹ yọ́ àbẹ́là, ẹ ri ìsàlẹ̀ ọrùn àti ẹnu ihò bọ̀ ọ́. Gíléèsì kì í lẹ̀ mọ́ ìda. Bí ó bá wọ inú ihò, nọ́ọ̀tì kò ní ráyè wọlé mọ́. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ọwọ́ náà á lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ìléru. Inú agolo tó wà nínú omi gbígbóná ni ká ti yọ́ àbẹ́là, kì í ṣe lórí iná ní tààrà, nítorí ìda máa ń gbiná.

Ìkìlọ̀. Ẹ má lo ohunkóhun tó ní òjé nínú, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì, pàápàá ìyẹ̀fun inú bátìrì ọkọ̀. Ẹ lo ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń po gíléèsì gbígbẹ tàbí tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha amọ̀. Ẹ má gbá eruku amọ̀ nílẹ̀, aṣọ tútù ni ká fi nu ún. Ẹ̀dọ̀fóró ni eruku yẹn ń bá jà, kì í sì í tètè fi ara hàn.

Ríri nọ́ọ̀tì

1. Ẹ fọ ihò, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrin fún ọjọ́ kan.
2. Ẹ fi fasilíìnì pa okùn bóòtù náà. Ẹ yí nọ́ọ̀tì mọ́ ọn títí ṣóńṣó bóòtù náà fi yọ jáde lódìkejì ní mílímítà mẹ́ta.
3. Ẹ gé páálí kékeré, ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 4 sí i, ẹ ki bóòtù náà gbà á kọjá. Páálí yìí ni yóò mú un dúró lóòró lórí ọrùn.
4. Ẹ po epoxy náà, ìdajì sí ìdajì. Ẹ fi kún ihò náà dé ìdajì.
5. Ẹ ki nọ́ọ̀tì náà wọlé kó rì kọjá ẹnu ihò, kí epoxy sì yí i ká. Ẹ wo ó láti ẹ̀gbẹ́ méjì bóyá bóòtù náà dúró ṣánṣán.
6. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ rọra yí bóòtù jáde. Fasilíìnì ni kò ní jẹ́ kó lẹ̀.

Super glue kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kì í kún àlàfo, ìkọlù kékeré ló sì ń ṣẹ́ ẹ. Òun ni mo lò fún ilé kan ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Mo padà lọ ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: ẹ ri orí bóòtù náà sínú epoxy pátápátá láìfi fasilíìnì sí i, kí okùn rẹ̀ yọ síta, kí ẹ wá fi nọ́ọ̀tì dè é láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó lágbára gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé nọ́ọ̀tì á yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó lè fa aṣọ. Bí bóòtù bá sì tẹ̀, ẹ ó mọ òmíràn.

Bí kò bá sí ìléru rárá

- Ẹ bẹ àwọn amọ̀kòkò kí wọ́n jẹ́ kí tiyín bá ìkòkò wọn jóná. Ẹ kọ́kọ́ yá a nínú ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Iná ìta gbangba tí wọ́n ń lò kì í gbóná tó èyí tí gíléèsì ń fẹ́, nítorí náà ẹ fi òkúta odò dán ara rẹ̀ kó tó gbẹ tán. Bó bá jáde nínú iná, ẹ wọ́n omi èèpo èso igi igbá (igi tí a ti ń rí irú) tí ẹ sè sí i, bí àwọn ará Ìlọrin ṣe ń ṣe sí ìkòkò wọn. Wọ́dúróòbù ló yẹ, kì í ṣe ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀, nítorí ó ṣì ń mu omi.
- Ẹ mọ ojú ìkarahun pẹlẹbẹ nìkan, kí káfíńtà gbẹ́ ọrùn onígi, kí ẹ fi epoxy lẹ̀ wọ́n pọ̀. Sikúrù á wọ igi, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ihò.

Dídè é mọ́ ilẹ̀kùn

Pákó tó nípọn ní mílímítà 18 ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń lò. Bóòtù tó gùn ní mílímítà 25 tó o. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 5, kì í ṣe 4, kí ààyè díẹ̀ wà. Ẹ fi wáṣà rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín amọ̀ àti pákó. Ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù dópin, kí ẹ wá fi sikúrùdíráfà fún un ní ìdajì yíyí sí i, ó tán. Ẹ má fi dírílù oníná fún un: ọrùn tó ti la iná méjì já lè là níbẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Ṣé gbogbo ẹja kọjú síbì kan náà?
- Ṣé ilẹ̀kùn méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lè ṣí láìkọlu ara wọn? Amọ̀ àti amọ̀ kì í rẹ́.
- Ṣé bóòtù kankan yọ sínú ibi tí àwo wà?

Ẹ máa fi méjì lé iye tí wọ́n bẹ̀ yín ní gbogbo ìgbà, kó jẹ́ láti inú iná kan náà, torí gíléèsì búlúù ti oṣù yìí kì í bá ti oṣù tó ń bọ̀ dọ́gba. Ẹ kọ orúkọ ilé náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú u. Tèmi wà nínú agolo mílíìkì lórí fèrèsé, owó ẹyọ márùn-ún àti ẹja kan tí kò nírù.